Eérú Tí Ọmọ Wa Gbé Bọ̀ Láti Yunifásítì

Obìnrin kan tí ń ṣe fùfú ní ìsàlẹ̀ odò àdúgbò wa gbé abọ́ kan wá sílé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fi ọmọrí bò ó dáadáa, ó sì kúnlẹ̀.

"Okun o, Tíṣà."

Mo ní okun o, bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, mo béèrè ilé, mo béèrè àwọn ọmọ, mo sì ṣí abọ́ náà pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu. Fùfú ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé ni. N kò sọ pé ó ṣú díẹ̀ tàbí pé ó ní àbàwọ́n. Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre lẹ́yìn òjò.

"Mo ní kí ẹ̀yin náà jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó yín," ni ó wí, láìrẹ́rìn-ín.

Ó wá sí ẹnu mi láti ṣàlàyé fún un pé fùfú jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni a lè kà sí ti ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni a ń fi gègé pupa sàmì sí lójú ẹni tó ṣe é.

Ìyàwó mi jáde, ó wo inú abọ́. "Ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?"

"Ta ni yóò tọ́ ọ wò? Ajá mi gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú padà, ó lọ dùbúlẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ bí fùfú ṣe ń ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ilé wa ní Kabba níbí, ìyàwó mi ní àtíbàbà kan tí ó ti ń rẹ aṣọ láró. Kàǹpálà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi aró òyìnbó ṣe: ẹ óò di aṣọ, ẹ óò rì í, ẹ óò tú u, ẹ óò sì ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi tí a fi ṣan aṣọ yìí ni ọ̀ràn náà. Ó ń gba gọ́tà kékeré kan lọ sínú odò, odò sì ń gbé e kọjá níbi tí àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bá ṣe aṣọ pupa, odò a pupa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọ̀ ewé ni àwọn oníbàárà ń béèrè.

Ẹjọ́ fùfú náà dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò kí oòrùn tó wọ̀. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó wá fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ pé lẹ́yìn ọjà Kabba tí ń bọ̀, òun àti àwọn àgbà yóò wá wo ọ̀rọ̀ náà. Bí omi tó ń ti ilé wa jáde bá ṣì ní àwọ̀, ìyàwó mi yóò dojú ìkòkò rẹ̀ bolẹ̀, yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. N kò lè bá a jiyàn. Òdodo ló sọ. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé dàńṣíkí tí ó wọ̀ wá ṣe ìdájọ́ náà, àtíbàbà wa ni ó ti jáde. Mo dá àwọ̀ rẹ̀ mọ̀. Díẹ̀ wà lára olórí àdúgbò, ìyókù wà nínú fùfú.

Ìyàwó mi kò sunkún, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń ká okùn tí ó fi ń di aṣọ mọ́ ọwọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní apá Odo-Ape ní ilẹ̀ Bùnù, kí ó tó mọ ìwé kà.

"Bí mo bá dojú ìkòkò bolẹ̀," ni ó wí fún mi, "kí ni ẹ ní kí n máa ṣe? Kí n wá jókòó tì yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ máa tún gbólóhùn mi ṣe láàárọ̀ lálẹ́?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà le.

Mo pe ọmọ wa obìnrin lórí fóònù. Yunifásítì ló wà, ó ti gboyè, ó sì ń wá oyè kún oyè. Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ará ilé nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ṣe kẹ́mísírì. Nígbà tí mo ròyìn odò fún un tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ohun tí mo ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí a ṣe ń yọ aró kúrò nínú omi tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ń dà nù."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò parí."

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì ro ó síwá sẹ́yìn. Aró ni ìyá rẹ̀ fi rán an níléèwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ìwé gba ohun tí aró mú wá, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ aláró bí a ṣe ń mú aró kúrò.

Ó dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà, pẹ̀lú báàgì kan àti ike bọ́tà kan tí ó fi sẹlotépù dì yíká. Ìyẹ̀fun dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí a ṣe ń jẹun. Èèpo èkùrọ́ ni wọ́n jó láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi kẹ́míkà ṣí àwọn ihò ara rẹ̀, wọ́n sì so irin tí ó kéré ju èyí tí ojú lè rí mọ́ ọn, kí òòfà lè fà á jáde nínú omi. Nánò ni wọ́n ń pe ohun tí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi béèrè bí nǹkan kékeré ṣe lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ, nítorí pé èmi ni mo mọ bí a ṣe ń kọ́ni.

"Gbé iṣu kan," mo ní. "Bí o kò bá gé e, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni oòrùn lè kàn. Bẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ fún èlùbọ́, ojú tí oòrùn ń kàn á pọ̀ sí i. Ìyẹ̀fun yìí, wọ́n ti bẹ́ ẹ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú nìkan ló kù. Gbogbo ojú yẹn ni aró ń lẹ̀ mọ́."

"Ó ń mu aró nìyẹn."

"Kò mu ún. Kànrìnkàn ló ń mu omi sínú. Èyí, ara rẹ̀ ni aró ń lẹ̀ mọ́, bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri."

"Ó ti yé mi, Tíṣà. Ẹ jẹ ọbẹ̀ yín."

Ìyá ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gbé e lọ sóko mọ́, a sì fún un ní igun kan nínú àtíbàbà. Kì í dá sí aró òyìnbó. Ẹlú, aró ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi ewé ṣe, ni tirẹ̀, nínú ìkòkò amọ̀ kan, èyí tí wọ́n ń fi omi eérú bọ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ, kí aró inú rẹ̀ lè jí. Nínú ìdílé wọn, ọmọbìnrin tó bá ti ìdálẹ̀ dé kì í na ọwọ́ òfìfo sí ìkòkò aró ìyá rẹ̀. Eérú ni ó gbọ́dọ̀ mú bọ̀ láti ibi tó lọ, nítorí wọ́n gbà pé eérú ààrò ilé nìkan a máa sú ìkòkò. Ìyàwó mi ṣe é fún ọdún púpọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó wá bá wa gbé. Ọmọ wa kò ṣe é rí. Ìyá àgbà kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó kàn máa ń bojú wo báàgì rẹ̀ nígbàkígbà tó bá dé.

"Kí ló wà nínú ike yẹn?" ni ó bi í lọ́jọ́ náà.

"Èèpo èkùrọ́ tí a jó ni, Màmá."

"Ìwọ fúnra rẹ lo jó o?"

"Èmi ni. Mo sì lọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì súre fún un títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó ní ọmọ tó mọ ibi tó ti wá kò ní ṣìnà. Ọmọ wa ń ṣe àmín, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò tíì sí ẹnì kan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ òun tó gbóríyìn fún iṣẹ́ ìwádìí òun tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, òun àti ìyá rẹ̀ jáde lọ wá òòfà lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń to àwọn ìwé mi. Mo rí ìyá àgbà tí ó gbé ike bọ́tà kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì kí i kú iṣẹ́. Nínú ilé wa, inú ike bọ́tà ni gbogbo nǹkan wà, láti orí iyọ̀ dé orí abẹ́rẹ́. Ènìyàn kì í fura sí ike bọ́tà.

Nígbà tí wọ́n ti ọjà dé, ọmọ wa wo orí pẹpẹ, ó wo abẹ́ tábìlì, ó sì lọ bá ìyá àgbà ní àtíbàbà. Mo tẹ̀ lé e.

"Màmá, ike mi ńkọ́?"

"Ó ti dé ibi tó ń lọ. Mo ti bọ́ ìkòkò."

"Ẹ bọ́ ìkòkò?"

"Eérú yẹn kúnná. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ẹlú, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé ẹ̀rọ lo fi lọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá," ni ọmọ wa wí, ó sì fi ẹ̀yìn ti òpó.

Aṣọ kan wà nínú ìkòkò náà, aṣọ òwú funfun tí ìyá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó ti sọ fún gbogbo wa pé aṣọ náà ni kí a fi sin òun, bí ó bá ti dú dáadáa. Ó gbé e sókè. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹlú jáde a máa dà bí ewé ní àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ a sì sọ ọ́ di aró lójú ẹni. A dúró de afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ dé, ó kọjá. Aṣọ náà dà bí ojú sánmà ní àárọ̀ ọyẹ́, kò sì lọ síwájú mọ́.

"Ìkòkò mi ti kú," ni ìyá àgbà wí.

"Kò kú, Màmá," mo ní. "Aró inú rẹ̀ kò parun. Ara eérú yẹn ló lọ lẹ̀ mọ́."

"Tíṣà, bí ènìyàn bá kú, tí wọ́n ní ibòmíràn ló lọ, ṣé a kì í sin ín?"

Mo wá ibì kan jókòó.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú, ìgbà tó yá ni ó rántí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Ọmọ wa ní ìyẹ̀fun tó wà nínú ìkòkò ti yó. A lè mú aró kúrò lára rẹ̀ kí ó tún lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ike. Ohun tó rí kò ju tìróò ojú ẹnì kan lọ.

Ìyá àgbà na aṣọ rẹ̀ sókè sí oòrùn. "Mi ò lè wọ èyí lọ bá àwọn tó ṣáájú mi. Wọn yóò ní ta ló rẹ ẹ́. Ó di ìgbà tí a bá tún ṣe ẹlú mìíràn." Ó sá a sórí okùn, ó sì wọlé lọ jẹun. Kí n sọ òtítọ́, inú rẹ̀ kò bàjẹ́ tó bí mo ṣe rò.

Àwọn àgbà dé ní ọjọ́ kejì, olórí àdúgbò níwájú, obìnrin oní-fùfú lẹ́yìn. Mo ti to àga, mo ti nu tábìlì. Ìyàwó mi jókòó sí ẹnu àtíbàbà rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ó kí wọn. Ọmọ wa bu omi ìṣanṣọ aláwọ̀ ewé sínú ìgò jáàmù kan, ó da ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù sí i, ó dé e, ó sì ń mì í. A ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà sùn lọ. Nígbà tó ṣe, ó gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Dúdú náà wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí èèrà ṣe ń wọ́ lọ sídìí ṣúgà. Ohun tó kù nínú ìgò, omi ni. A ń rí ìka ọmọ mi láti òdìkejì.

"Ó pa á," ni olórí àdúgbò wí, jẹ́jẹ́.

"Kò pa á, Baba," mo ní. "Ó gbé e ni."

"Ó gbé e lọ síbo?"

Mo na ìka sí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò.

"Èyí náà ńkọ́? Ibo ni yóò lọ?"

Mo wo ọmọ mi. Ọmọ mi wo ìgò. "A ṣì ń ṣe ìwádìí lórí ìyẹn, Baba."

Olórí àdúgbò mi orí, bí ẹni tí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀. Ó ti ìgò náà sọ́dọ̀ mi. "Ó dáa. Tíṣà, ẹ mu ún."

"Kì í ṣe mímu, Baba," ni ọmọ wa yára wí. "Àwọ̀ nìkan ni a yọ. Iyọ̀ àti sódà tí Mọ́mì fi rẹ aṣọ ṣì wà níbẹ̀."

Obìnrin oní-fùfú wá sún mọ́ tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi. Nígbà tó ní àwọ̀, mò ń rí i bó ṣe ń bọ̀. Ìgbà mìíràn, mo máa ń sáré gbé apẹ̀rẹ̀ mi kúrò. Ní báyìí, sódà yóò máa bọ̀, mi ò sì ní rí i. Ṣé àtúnṣe tí ẹ bá mi ṣe nìyẹn?"

Mo ní àlàyé iṣu, mo ní àlàyé eruku. N kò ní àlàyé fún ìyẹn.

Àwọn àgbà forí korí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí olórí àdúgbò tó gbójú sókè.

"Ọ̀rọ̀ náà kò le. Kí ìyàwó Tíṣà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ó máa fi ìyẹ̀fun yìí yọ àwọ̀ omi rẹ̀. Bí ó bá ti yọ ọ́ tán, kí ó wá fi aró díẹ̀ sí i, bíi ṣíbí kan, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè mọ̀ pé ó ń bọ̀."

Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ojú. Àgbà tó ń sùn jí, ó ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn.

"Kí wọ́n fi aró sí i?" ni obìnrin oní-fùfú wí. "Baba, ẹ wò mí dáadáa. Fùfú ni mò ń tà."

Mo rí ìyàwó mi tó ń wo ìkòkò rẹ̀, bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Obìnrin náà sì ń wo okùn tí a sá aṣọ sí.

"Ta ló ni aṣọ yẹn?"

"Èmi ni," ni ìyá àgbà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Irú àwọ̀ wo nìyẹn?"

"Kò lórúkọ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. A ò ní fi aṣọ ẹlòmíràn pè é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ da omi, ẹ gbé e kọ́ sórí igi níbi tí odò ti yà. Bí a bá rí i, a ó gbé ẹ̀gẹ́ wa sókè. Bí ẹ bá ká a, a ó gbé e padà."

"Aṣọ tí mo ní kí ẹ fi sin mí?"

"Màmá, ẹ ní ẹ ò wọ̀ ọ́ mọ́," ni ìyàwó mi wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn.

"Mo ní mi ò wọ̀ ọ́ lọ bá àwọn tó ṣáájú mi. Mi ò ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ níta."

Síbẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìkòkò, ó sì lọ ká aṣọ náà kúrò lórí okùn fúnra rẹ̀. Olórí àdúgbò dìde, ó ní ìdájọ́ òun nìyẹn gan-an, pé àwọn ènìyàn ni kò jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kí wọn pé wọ́n ṣeun, ó wọ àtíbàbà lọ. Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ tí ó ń fa okùn le mọ́ aṣọ.

Bí a ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Ọmọ wa ń fi ìyẹ̀fun rán àwọn awakọ̀ sí wa nínú ike bọ́tà, mo sì ń kọ "Kì í ṣe eérú" sára ike kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún kò mọ̀wé kà. Ọmọ wa ń fi ojúlówó eérú rán wọn sí ìyá àgbà pẹ̀lú, nínú ọ̀rá. Bí ìyẹ̀fun bá pẹ́ kó tó dé, ìyàwó mi a fi omi rẹ̀ sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù títí yóò fi dé. Ìyẹ̀fun tó ti yó wà nínú jẹ́rígáànù méjì nínú yàrá tí mo ń kó ìwé sí. Ọmọ wa ní òun yóò kó o lọ sí yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wálé ni iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kún ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwọ̀ tí ó wà nínú odò tẹ́lẹ̀ ń gbé pẹ̀lú mi báyìí, a kò sì tíì bá ara wa jà.

Èmi ni wọ́n fi sídìí aṣọ kíkọ́, nítorí wọ́n ní mo ti fẹ̀yìntì. Mo máa ń kọ́ ọ dáadáa, etí rẹ̀ a ṣe déédéé. Àwọn obìnrin a rí i, wọn a gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sókè, wọn a dúró sí bèbè, wọn a máa wo omi náà tìfura-tìfura bó ti ń kọjá, tó mọ́ gaara. Bí mo bá ti ká aṣọ, àwọn màlúù a sọ̀ kalẹ̀ wá mumi, wọn a rú odò náà di ẹrẹ̀, àwọn obìnrin a sì gbé ẹ̀gẹ́ wọn padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin oní-fùfú tún gbé abọ́ kan wá. Mo ṣí i. Ó funfun. Ìyàwó mi wò ó, ó wo obìnrin náà.

"Ajá yín ńkọ́?"

"Ajá ti jẹ tirẹ̀ kí n tó wá."

A bá gbé ọbẹ̀ kaná.